Lẹ́yìn Ojú Ìwé Tó Kẹ́yìn

Ìwé ìtàn àràmàǹdà tó dùn kì í parí síbi tí òǹkọ̀wé parí rẹ̀ sí. Èèyàn á pa ìwé dé, á pa iná, oorun ò sì ní kùn ún. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìránṣẹ́ tó gbé lẹ́tà wọ ààfin ní orí kẹta, tí a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ìwé fi tán? Èdè wo ni àwọn tó ń gbé abẹ́ òkun yẹn fi ń bá ọmọ wọn wí? Báwo ni àwọn ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn ṣe rin 200 kìlómítà láàárín ọjọ́ méjì, tí wọ́n tún lágbára láti jà nígbà tí wọ́n débẹ̀? Inú irú ihò báyìí ni ẹgbẹ́ àwọn òǹkàwé ti ń hù. Ìwé tó ti dáhùn gbogbo ìbéèrè tán, a máa ń yìn ín, a sì máa ń gbé e padà sórí pẹpẹ. Èyí tí ayé inú rẹ̀ bá gbòòrò ju ìtàn tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ lọ, tí òkè kan wà lórí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gùn rí, òun ló ń sọ òǹkàwé di òǹkọ̀wé, ayàwòrán, aránṣọ àti oníṣirò.

Ìfẹ́ ìwé náà ló ń kó wọn jọ, kò sí iyèméjì ńbẹ̀. Àmọ́ ìfẹ́ kọ́ ló ń mú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ kéékèèké ni: iṣẹ́ tó ní ìwọ̀n, tó ní ọjọ́ tí yóò parí, tó sì ní ẹni tí yóò gbà á ṣe bí ó bá rẹ ẹni tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹgbẹ́ tí kò ní nǹkan mìíràn ju ìfẹ́ lọ, ìjà lórí ẹni tó yẹ kí ọmọ ọba fẹ́ ni yóò tú u ká, ó sì máa ń yá ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1930 ni àwọn òǹkàwé ìtàn sáyẹ́ǹsì kan ní Chicago ti ń fọwọ́ ara wọn tẹ ìwé ìròyìn kékeré fún ara wọn. Nígbà tí àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ ti àwọn olólùfẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wáyé ní New York ní 1939, Forrest J Ackerman àti Myrtle Douglas wọ aṣọ ọjọ́ iwájú lọ síbẹ̀. Myrtle ló rán aṣọ náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Russ Chauvenet ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà fanzine fún irú ìwé ìròyìn kékeré bẹ́ẹ̀, èyí tí gbogbo wa ti gé kúrú sí zine. Mythopoeic Society, tó gbájú mọ́ ìtàn àràmàǹdà ní tààrà, bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1967. Ní oṣù Kejìlá 1975, nǹkan bí 700 èèyàn ló wá síbi Comiket àkọ́kọ́, ọjà ìwé àwọn olólùfẹ́ ìtàn aláwòrán, ní Tokyo, ẹgbẹ́ 32 ló sì pàtẹ ìwé tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn. Lónìí, èrò tó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ohun tí mo máa ń wò nínú ìtàn yìí kì í ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ìwé tó. Ẹnì kan ló jókòó ti abẹ́rẹ́ àti òwú kí aṣọ yẹn tó di wíwọ̀. Ẹnì kan ló to tábìlì fún ẹgbẹ́ 32, tó mọ ẹni tí yóò jókòó níbi kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni kíkà papọ̀. Orí méjì lọ́sẹ̀ ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn lára mu. Ìwé tó ní orí 40 á gba ogún ọ̀sẹ̀, ìyẹn nǹkan bí oṣù márùn-ún. Bí ẹ bá sọ ọ́ di orí mẹ́rin lọ́sẹ̀, àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n sì ń tọ́mọ á ti kù sẹ́yìn kí oṣù kan tó pé, ẹni tó bá sì kù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kì í sábà padà wá, nítorí ojú ń tì í. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ tí ẹ ò ní ka nǹkan kan, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè lé yín bá. Ìṣòro tó tún le ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó ti ka ìwé náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ò tú àṣírí, àmọ́ wọ́n á máa sọ pé “ẹ dúró dé orí kejìlá ná.” Àṣírí ti tú nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ ọ á ti mọ̀ pé ohun tí òun ń rò ní orí keje kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí àwọn tó ti kà á ní iyàrá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tiwọn, kí wọ́n sì máa bi àwọn tuntun ní ìbéèrè nìkan nínú iyàrá gbogbogbò, láìdáhùn èyíkéyìí.

Ìgbà tí ẹ bá ń kà ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ayé ìtàn náà. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ parí, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ padà lọ wá àwọ̀ ẹṣin. Òpó mẹ́rin tó o: orúkọ ènìyàn tàbí nǹkan, ohun tí ìwé sọ gan-an, orí tó ti sọ ọ́, àti ohun tí àwa ń rò. Nọ́ńbà orí ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ojú ìwé, nítorí pé ìwé ẹlẹ́yìn líle, ẹlẹ́yìn rírọ̀ àti ti orí fóònù kì í ní ojú ìwé kan náà. Òpó kẹrin ni gbogbo wàhálà wà. Bí ẹnì kan bá kọ èrò rẹ̀ sínú òpó kejì lọ́jọ́ kan, tí ẹlòmíràn gbé ìtàn karí i, láàárín ọdún kan gbogbo ẹgbẹ́ á gbà pé inú ìwé ló ti wá. Irú rẹ̀ pọ̀: àwọ̀ ojú, ọjọ́ orí, orúkọ ìyá, tí òǹkọ̀wé ò fìgbà kan sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ yẹ ìrìn àjò wò, ẹ fi rúlà sórí àwòrán ilẹ̀, kí ẹ lo ìṣirò kan náà fún gbogbo rẹ̀: ẹni tó gbé ẹrù lè fẹsẹ̀ rin 25 sí 30 kìlómítà lóòjọ́ lójú ọ̀nà tó dára, ẹṣin tó tún máa rìn lọ́jọ́ kejì lè ṣe 40 sí 50. Òkè àti irà á gé ìyẹn sí ìdajì. Ìgbà tí ìṣirò yìí bá kọ̀ tí kò bá ìwé mu ni ìtàn tuntun máa ń yọjú: ta ló yá wọn ní ọkọ̀ ojú omi?

Ìtàn tuntun yẹn, èyí tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ kọ sórí ayé inú ìwé tó fẹ́ràn, ni fanfic. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé kíkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kíkọ ìtàn mìíràn, àfi pé ẹni tó ń kà á ti mọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ó dáa kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú drabble, ìtàn ọlọ́rọ̀ 100 géérégé, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ààlà yẹn á fipá mú wọn yan ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn orí ogún sábà máa ń fi í sílẹ̀ ní orí kẹrin, ìtìjú ìtàn tí kò parí yẹn á sì lé e kúrò láàárín ẹgbẹ́. Beta ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ka iṣẹ́ kí ayé tó rí i. Kí ẹ tó fún beta níṣẹ́, ẹ sọ fún un ohun tí ẹ fẹ́: àṣìṣe àkọtọ́ nìkan ni, àbí bí ìtàn ṣe ń lọ, àbí bóyá akọni náà ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ nínú ìwé? Bí ẹ ò bá sọ ọ́, beta tó dára á tún gbólóhùn yín kọ títí yóò fi di tirẹ̀. Ìtàn ọlọ́rọ̀ 5,000, ẹ fún un ní ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ ní alẹ́ tí gbèdéke ku ọ̀la, tó ń retí ìdáhùn láàárọ̀, kò wá beta, ẹlẹ́rìí ló ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ kan lágbára, ẹ wo pàṣípààrọ̀ ẹ̀bùn rẹ̀. Olúkúlùkù á sọ ohun tó fẹ́ kà àti ohun tó lè kọ. Alámòójútó á wá yan ẹni tí yóò kọ̀wé fún ta ni, ní bòókẹ́lẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ á kọ fún ẹni kejì, ẹni kejì fún ẹni kẹta, títí yóò fi yí ká. Gbogbo ẹ̀bùn á ṣí lọ́jọ́ kan náà, orúkọ àwọn tó kọ ọ́ á sì wà ní ìpamọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí àwọn èèyàn lè máa méfò. Yuletide, pàṣípààrọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tó sì wà fún àwọn ìtàn tí olólùfẹ́ wọn ò pọ̀, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wò kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ 1,000 ló kéré jù níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni ibi tí ẹ ti máa là á tàbí ibi tí ẹ ti máa tẹ́. Ká ní èèyàn 30 ni yín. Ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan béèrè nǹkan mẹ́ta ó kéré tán, kó sì ní nǹkan márùn-ún tó lè kọ. Kí ohun tó lè kọ máa pọ̀ ju ohun tó ń béèrè lọ, òun ni àlùmọ́kọ́rọ́yí ibẹ̀. Bí gbogbo èèyàn bá béèrè fún ìtàn àjẹ́ àgbà tí kò sì sẹ́ni tó lè kọ ọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá yín so wọ́n pọ̀. Ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún ohun tí èèyàn ò fẹ́ rí rárá nínú ẹ̀bùn rẹ̀, kó jẹ́ dandan láti pa á mọ́. Ẹ fi òmíràn sílẹ̀ fún ohun tó wù ú, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ìmọ̀ràn lásán ni. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn kan ń ka àyè kejì yìí bí àṣẹ. Ẹni tó béèrè fún ìrìn àjò inú yìnyín tó sì gba ìtàn inú ilé ìdáná kò tíì ní ẹ̀sùn kankan láti fi kàn ẹnikẹ́ni, bí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà bá jẹ́ àwọn tó béèrè fún.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ ìṣíṣẹ̀bùn. Ọjọ́ méje ṣáájú rẹ̀ ni gbèdéke. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbèdéke ni ọjọ́ tí èèyàn ṣì lè yọwọ́ láìsí ìbínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni fún kíkọ, ọjọ́ mẹ́ta fún síso wọ́n pọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá fún ìforúkọsílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí oṣù méjì. Àwọn tó ń gé ọ̀sẹ̀ kan tó wà láàárín gbèdéke àti ọjọ́ ìṣíṣẹ̀bùn kúrò nítorí pé ó dà bí ìfàkókòṣòfò, wọ́n á kábàámọ̀ rẹ̀. Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni alámòójútó ti ń ṣí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò: ṣé ó pé ìwọ̀n, ṣé orúkọ ẹni tó ni ẹ̀bùn ló wà lórí rẹ̀, ṣé ó parí? Ẹ óò rí èyí tó ṣì wà ní àkọpamọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ rò pé òun ti fi sílẹ̀. Ẹ óò rí èyí tó parí sí “ó ń bọ̀ lọ́nà.” Ẹ óò sì rí òfìfo.

Òfìfo yẹn ni iṣẹ́ àwọn agbapò. Pinch hitter ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú eré baseball. Nínú èèyàn 30, ẹ múra sílẹ̀ fún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò ní lè ṣe é: àìsàn, ìdánwò, ọmọ tuntun, tàbí pé ọkàn wọn kàn kúrò níbẹ̀. Nítorí náà ẹ ní agbapò márùn-ún tó ti gbà tẹ́lẹ̀, kí àkọsílẹ̀ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè kọ sì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹni tó yọwọ́ bá sọ ọ́ ní àsìkò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má bi í léèrè ìdí. Ẹni tó dákẹ́ títí gbèdéke fi kọjá ni kí ẹ ní kó kọ ẹ̀bùn tó jẹ náà kó tó tún lè forúkọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjì yìí ló ń kọ́ àwọn èèyàn láti tètè sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fìyà jẹ ẹni tó yọwọ́, dídákẹ́ ni gbogbo wọn á máa dákẹ́. Mo ka agbapò sí ẹni pàtàkì jù nínú gbogbo ètò yìí: ọjọ́ mẹ́rin péré ló ní, ó ń kọ̀wé fún ẹni tí kò mọ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń rántí.

Zine ló tún wá ń dán ẹgbẹ́ wò, pàápàá èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sórí ìwé gidi. Oníṣirò ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ayàwòrán. Abala A4 kan, tí ẹ bá ká a sí méjì, á fún yín ní ojú ìwé A5 mẹ́rin. Nítorí náà iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé fi mẹ́rin pín. Ojú ìwé A5 kan tí lẹ́tà rẹ̀ ò kéré jù ń gba ọ̀rọ̀ 300 sí 350. Ẹ gbà pé ìtàn mẹ́fà ni, ọlọ́rọ̀ 1,500 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú ìwé márùn-ún ni ìtàn kan, àpapọ̀ 30. Àwòrán mẹ́fà, ó di 36. Ojú ìwé àkọlé, àtòjọ ohun inú rẹ̀, ìdúpẹ́, ó di 39. Ojú ìwé 40 lẹ tẹ̀, ọ̀kan á ṣófo, abala A4 mẹ́wàá ni ìwé kan, láìka èèpo rẹ̀. Ìṣirò yìí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó kéde pé ẹ ń gba ìtàn. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gba ìtàn, tó wá rí i pé ọlọ́rọ̀ 1,500 ti di 4,000 lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, á ní láti bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gé ohun tí wọ́n fi oṣù méjì kọ.

Bí abala bá jẹ́ 80 gíráàmù ní mítà onígun mẹ́rin kan, ẹ lè ká a pọ̀ kí ẹ sì fi píìnì gún un láàárín títí dé ojú ìwé 48, 60 tó bá pọ̀ jù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn abala inú á yọ síta ju ti ẹ̀yìn lọ, ìwé náà á sì máa là fúnra rẹ̀. Èèpo tó nípọn tó 200 sí 250 gíráàmù ló bá a mu. Ẹ fi 15 mìlímítà ó kéré tán sílẹ̀ ní ìhà ibi tí a ti ká a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà á wọ inú kòtò. Fún àwòrán tó kún ojú ìwé, ẹ sọ fún ayàwòrán láti ọjọ́ kìíní pé kó fi mìlímítà mẹ́ta kún ìhà kọ̀ọ̀kan fún ibi tí ọ̀bẹ yóò gé kúrò: 154 ní ìbú, 216 ní gígùn. Bí a bá fẹ́ kó hàn kedere ní 300 dpi, ìyẹn àmì 300 nínú íǹṣì kan, ìyẹn á jẹ́ píksẹ́lì 1,819 sí 2,551. Àwòrán tí píksẹ́lì rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tó dára lójú fóònù, á jáde bí ohun tí òjò pa. Àwọ̀ náà tún wà ńbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ idán, búlúù àti pọ́pù tó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà, iná ló fi ń tàn. Ìwé ò ní iná. Tí ẹ bá yí i sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, á rọ. Ẹ yí i kí ayàwòrán tó parí iṣẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ yan ohun tó máa fi rọ́pò, kí ó má jẹ́ pé ọjọ́ tí ìwé dé ni yóò rí i. Ẹ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo wò kí ẹ tó tẹ ìyókù.

Àwọn kan wà tí ìtàn ọlọ́rọ̀ 100,000 ni wọ́n fẹ́ dì ní ìwé gidi sórí pẹpẹ tiwọn. Píìnì ò lè ṣe ìyẹn. Abala mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ká pọ̀, ojú ìwé 16 nìyẹn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àwọn ìdì náà mọ́ra lẹ́yìn, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù PVA pa á, wọ́n á sì fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù kò hàn sí ojú: fọ́nrán inú abala ìwé. Ẹ rọra tẹ abala kan ba ní gígùn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ba ní ìbú. Ibi tó bá ti rọrùn jù ni fọ́nrán rẹ̀ gbà. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn ìwé lọ lọ́gbọọgba, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ A4 tí wọ́n ń tà ni fọ́nrán rẹ̀ gba ìhà gígùn, tí ẹ bá wá ká a sí A5, fọ́nrán á dábùú ẹ̀yìn ìwé. Abala á mu omi inú gọ́ọ̀mù, á wú ní òdì, ìwé á ká bí ewé gbígbẹ, kò sì ní ṣí dáadáa láé. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ ra A3 tí fọ́nrán rẹ̀ gba ìhà gígùn, kí ẹ gé e sí A4 méjì. Nígbà tí ẹ bá ká ìyẹn, fọ́nrán á bá ẹ̀yìn ìwé mu.

Ti ohùn náà wà, kíka ìtàn sórí ẹ̀rọ fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ 9,000 ni wákàtí kan, àtúnṣe rẹ̀ á sì gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta àkókò yẹn. Inú iyàrá tí aṣọ kún ló dára jù láti kà á, nítorí pé ògiri lásán ń dá ohùn padà. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ná.

Gbogbo iṣẹ́ yìí nílò àká, ibi tí a ó kó wọn pamọ́ sí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, orí ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kọ́lé sí. Ní 2007, LiveJournal, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń kọ nǹkan síta, pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ewé rẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ti àwọn tó ń kọ fanfic sì wà nínú rẹ̀. GeoCities, tí àwọn èèyàn ti ń kọ́ ìkànnì tiwọn sí, kógbá wọlé ní 2009. Yahoo Groups, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fi ìtàn ránṣẹ́ síra wọn fún ọdún gbọọrọ, parí ní 2020. Ní ọdún 2007 yẹn kan náà ni àwọn olólùfẹ́ dá Organization for Transformative Works sílẹ̀, èyí tó ṣí Archive of Our Own, àká fanfic orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kọkànlá 2009. Ọrẹ ni wọ́n fi ń gbé e ró, kò sí ìpolówó ọjà lórí rẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe é, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ó gba Hugo, ẹ̀bùn ìtàn sáyẹ́ǹsì àti àràmàǹdà, ní 2019. Ọ̀kan lára ètò wọn, Open Doors, ló ń kó ìtàn kúrò ní àká tó fẹ́ kú lọ sí tiwọn.

Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ kékeré jí kọ́ níbẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ń to táàgì, àwọn ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìtàn. Òǹkọ̀wé lè kọ ohunkóhun tó bá fẹ́ sí ìdí ìtàn rẹ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n so onírúurú àkọtọ́ pọ̀ lọ, kí ẹni tó bá wá ọ̀kan lè rí gbogbo rẹ̀. Nínú ìtàn àràmàǹdà, orúkọ tó ní àmì lórí, tó ní ìlà láàárín, tó ní oyè méjì, èèyàn kan náà lè ní orúkọ márùn-ún. Ẹ yan ẹyọ kan tí í ṣe olórí, kí ẹ kọ àwọn yòókù sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé kan tí gbogbo yín lè rí. Fún àká kékeré, táàgì tí kò ju méjìlá lọ fún ìtàn kan ti tó. Ẹ má sì gbàgbé èyí tó sọ bóyá ìtàn ti parí. Nípa ìpamọ́: ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan wà níbi tó jìnnà sí ìyókù. Ẹ fi í pamọ́ ní EPUB, irú fáìlì tí ìwé orí fóònù ń lò, àti ní ọ̀rọ̀ lásán, nítorí ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú á lè ṣí. Bí òǹkọ̀wé kan bá sì fẹ́ mú iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ mú un kúrò, ó dùn yín o, kò dùn yín o.

Ọ̀rọ̀ owó kúkúrú ni. Ayé inú ìwé náà ní ẹni tó ni ín. Ní Amẹ́ríkà, abala 107 nínú òfin ẹ̀tọ́ oní-nǹkan ti 1976 ka ohun mẹ́rin tí adájọ́ máa ń wò kó tó sọ pé ìlò kan tọ́: ìdí tí a fi lò ó, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí ohun tí a mú ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó ṣe sí ọjà ẹni tó ni ín. Ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò lọ́tọ̀, kò sí iye ọ̀rọ̀ kan tí ẹ lè dà kọ tí yóò dáàbò bò yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n fi ń ta zine ní iye tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n má tà á rárá, tí wọn kì í lo àmì tàbí àwòrán èèpo ìwé náà, tí wọ́n sì ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde síta fún gbogbo èèyàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí tún ń pa iná ìjà. Mi ò rí ohun tó ń tú ẹgbẹ́ ká kíákíá tó zine tí owó rẹ̀ wọ àpò ẹnì kan tí ìwé ò sì dé.

Ẹni tó ń darí ló kù. Ẹnì kan ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà ló ń ṣe ìforúkọsílẹ̀, òun ló ń parí ìjà, òun ló mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ọdún kìíní á dùn. Ní ọdún kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn àwọn èèyàn pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ní alámòójútó mẹ́ta ó kéré tán, kí ọ̀kan máa sinmi ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì kọ ìlànà iṣẹ́ sí ojú ìwé kan péré: ọjọ́ tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ibi tí fọ́ọ̀mù wà, ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tó dákẹ́. Tó bá ju ojú ìwé kan lọ, kò sẹ́ni tó máa kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí olórí yín kúrò níbẹ̀ fún odindi oṣù kan, kó má wo ohunkóhun, ní àkókò tí pàṣípààrọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Bí ẹ̀bùn ò bá ṣí ní aago tó yẹ kó ṣí, ẹ wá ibi tó ti dí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, password kan ni, tó jẹ́ pé inú orí olórí yín nìkan ló wà.